Kúrúnà Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ ní Ilé Àwọn Ọmọkùnrin

Ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọkùnrin kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn ń dàgbà, wọ́n sì máa wáyàwó lọ́jọ́ kan. Èmi ni nọ́ọ̀sì wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè mí ní nọ́ọ̀sì. Màmá Síkìbéè ni mò ń jẹ́ lẹ́nu ọmọ JSS1 títí dé ẹnu olùkọ́ Físíìsì. Ilé mẹ́rin ni wọ́n pín àwọn ọmọ náà sí. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kúrúnà wọ̀, tó kọ̀ tí kò lọ láti ìgbà ọyẹ́ títí wọ ìgbà òjò. Ó bá wọn lọ sí ìsinmi, ó tún bá wọn wọlé padà. Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àti ohun tó wá lé e lọ, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, torí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

Yàrá gígùn mẹ́ta ló wà nínú ilé náà, búnkì onírin lọ́tùn-ún lósì, lọ́kà láàárín, garawa àti àpótí lábẹ́. Àwọn ọmọ tó ń gbé ibẹ̀ ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún. Igun ẹ̀yìn yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti àwọn SS3. Wọ́n ta bẹ́ẹ̀díṣíìtì síbẹ̀, júníọ̀ kì í sì í kọjá ẹ̀yìn rẹ̀ àfi tí wọ́n bá rán an. Ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan ní skúùlù fáàdà, ìyẹn sẹ́níọ̀ tó ń gbà á lọ́wọ́ àwọn sẹ́níọ̀ yòókù, tí ọmọ náà sì ń fọ aṣọ rẹ̀, tó ń pọn omi rẹ̀, tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn ètò yẹn rárá, gbogbo pírínsípà tó ti jẹ lójú mi ló sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Síbẹ̀, ẹ máa rí i pé òun náà ló gbà wá lọ́jọ́ tó le.

Ọmọ JSS1 kan ló kọ́kọ́ wá, ní sáà kejì, nígbà tí ọyẹ́ ń mú gan-an.

"Ẹ̀fọn ló jẹ mí, Mà."

Mo ní kó na ọwọ́. Èlà wẹ́wẹ́, àwọn kókó kéékèèké tó ń sú síni lára, ti sọ sí àárín ìka rẹ̀, ó ti họ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bó. Mo gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè, bákan náà ló rí ní ìbàdí. Mo bi í pé ìgbà wo ló ń yún un jù. Ó ní lálẹ́ ni, tí wọ́n bá ti paná. Ẹ̀fọn wo ló máa fojú sílẹ̀, táá fẹsẹ̀ sílẹ̀, táá wá lọ jẹ èèyàn láàárín ìka? Mo fún un ní benzyl benzoate, oògùn olómi funfun yẹn, mo kọ́ ọ bó ṣe máa pa á. Ó sàn. Kò pẹ́, ó tún padà dé, òun àti ọmọ tó ń sùn lókè búnkì rẹ̀.

Báyìí ló ṣe ń lọ. Ẹni tó bá wá, mo tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò wá, kò sẹ́ni tó bi í. Háòsìmásítà, olùkọ́ tó ń bójú tó ilé náà, ní ọyẹ́ ló gbẹ àwọn ọmọ lára, kí wọ́n lọ fi òrí para. Kò kúkú parọ́, gbogbo èèyàn ló ń họra nígbà ọyẹ́, ìyẹn gan-an ló sì bá wa bo kúrúnà mọ́lẹ̀. Ọyẹ́ yẹn náà ló ń kó àwọn ọmọ jọ. Ọmọ tí bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ sẹ́níọ̀ á lọ sùn mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n sá fóòmù rẹ̀ tí kò sì gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, òun náà á lọ wá ibi sùn sí, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Lọ́jọ́ àbẹ̀wò, àwọn òbí gbé e ka háòsìmásítà mọ́lẹ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ló dọ̀tí. Òun náà ní ilé wọn ni wọ́n ti kó o wá. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tí kò jẹ̀bi.

Kòkòrò tó ń fa kúrúnà kéré débi pé agbára káká ni ojú lásán fi lè rí i. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, ìbátan eégbọn. Abo rẹ̀ á gbẹ́ ihò tín-ín-rín sínú awọ, á máa yé ẹyin méjì sí mẹ́ta síbẹ̀ lójúmọ́. Ẹyin á pa láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ tó jáde níbẹ̀ á ti tó bí tirẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní kúrúnà, àwọn kòkòrò náà kì í sábà ju 10 sí 15 lọ. Kì í ṣe pípọ̀ wọn ló ń yúnni. Ara ló ń bínú sí wọn, sí ẹyin wọn àti ìgbẹ́ wọn, ìbínú náà kì í sì í tètè dé. Ẹni tí kò ní in rí lè máa gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í họra, kó sì ti máa kó o ran ẹlòmíì láàárín ìgbà yẹn. Ẹni tó ti ní in rí kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan sí mẹ́rin ti tó fún un.

Ẹ fi èyí wo ilé wa. Ọmọ tí mo tọ́jú lónìí á padà lọ sùn mọ́ ẹni tí kò tíì yún. Nígbà tí ìyẹn bá máa fi bẹ̀rẹ̀, ó ti dá a padà fún ẹni àkọ́kọ́, táà wá máa sọ pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná.

Àwọn ọmọ ní tiwọn ti dájọ́ fún bùláńkẹ́ẹ̀tì àti fóòmù. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń ru fóòmù lọ sínú oòrùn. Àwọn kan ń fín oògùn apakòkòrò sórí ibùsùn, wọ́n sì ń sùn lé e lálẹ́, ohun tó lè pa èèyàn kó tó pa kúrúnà. Àwọn míì ń fi kẹrosíìnì para. Mo tọ́jú ọmọ kan tí kẹrosíìnì jó lábẹ́ itan. Bẹ́ẹ̀, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1941, onímọ̀ nípa kòkòrò kan tó ń jẹ́ Kenneth Mellanby bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọkùnrin tó yọ̀ǹda ara wọn fún un sùn níhòòhò nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì tí àwọn sójà oníkúrúnà ṣẹ̀ṣẹ̀ lò, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì kó o níbẹ̀. Àwọn tó bá oníkúrúnà sùn lórí ibùsùn kan náà ló ń kó o. Kòkòrò yìí kì í sábà lò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tó bá ti kúrò lára èèyàn. Ara sí ara ló ń gbà rìn, tó sì pẹ́ díẹ̀; bíbọwọ́ lásán kì í sábà ran èèyàn.

Ìyá àgbà ọmọ kan fi ọṣẹ dúdú tí wọ́n gún imí ọjọ́ mọ́ ránṣẹ́. Háòsìmásítà fẹ́ dà á nù, mo ní kó má dà á nù. Imí ọjọ́ wà lára oògùn kúrúnà tó pẹ́ jù láyé, àwọn oníṣègùn òyìnbó sì ń pò ó mọ́ ìpara títí dòní. Ohun tí mi ò lè ṣe ni kí n wọn ọṣẹ fún ọgọ́rùn-ún ọmọ kí n sì mọ bó ṣe le tó lára ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ní sáà kẹta, mo bẹ háòsìmásítà pé ká jọ yí ilé ká lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá paná. A dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá kejì, a ò tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ariwo tó wà nínú òkùnkùn yẹn: èékánná lára awọ, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, níbí, lọ́hùn-ún, búnkì onírin sì ń mì jìgìjìgì tẹ̀ lé e. Ọmọ kan ti dìde jókòó, ó ń fi ẹ̀yìn ha òpó búnkì rẹ̀, ó ń sùn lọ́wọ́. Mo ti mọ̀ pé àwọn júníọ̀ ní in. Ohun tí mo gbọ́ tó yà mí lẹ́nu wá láti ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀díṣíìtì tí wọ́n ta sí igun. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan náà ni. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, SS3 kankan ò tíì wá bá mi fún kúrúnà.

Wọ́n ń tọ́jú ara wọn ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ń rán júníọ̀ lọ ra ìpara alápòpọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìta géètì, irú èyí tí wọ́n máa ń ní ó wo gbogbo nǹkan ara. Stẹ́rọ́ìdì ló wà nínú rẹ̀. Stẹ́rọ́ìdì á mú kí ara balẹ̀, èlà á rọlẹ̀, olúwarẹ̀ á ní òun ti sàn, kòkòrò á sì máa bí sí i lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀díṣíìtì yẹn ni kúrúnà ti ń mumi, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀. Kí skúùlù fáàdà kan ní in, kí júníọ̀ rẹ̀ máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kó máa fún un lẹ́yìn, kó máa bá a na ẹsẹ̀ tó bá gba bọ́ọ̀lù dé, èmi ìbá máa da oògùn sára júníọ̀ yẹn títí á fi jáde ìwé mẹ́wàá.

Ìtìjú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tí wọ́n bá pè ní ẹlẹ́kúrúnà lẹ́ẹ̀kan, orúkọ yẹn á bá a dé ọjọ́ ìdágbére. Wọ́n gbà pé ìdọ̀tí ló ń fà á, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ ń ní in. Ohun míì tí wọn ò lè wí fún mi ni pé lára ọkùnrin, ojú ara kì í gbẹ́yìn nínú ibi tí kúrúnà ń sọ sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún wo ló máa tú ṣòkòtò fún Màmá Síkìbéè?

Ohun tó wá ta gbogbo wa jí ni ọmọ JSS2 kan. Kúrúnà tirẹ̀ ti di egbò, ó ń ṣọyún. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ wú, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí omi kóòkì. Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ lé mọ́tò tó gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba. Kòkòrò àìfojúrí tó wọ egbò kúrúnà lè dá wàhálà sílẹ̀ fún kíndìnrín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òun ló sì ṣe ọmọ yìí. Wọ́n dá a dúró, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó padà wálé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ni pírínsípà ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wá jókòó.

Dókítà tó tọ́jú ọmọ náà wá sí ìpàdé. Pírínsípà ń sọ pé àbùkù ńlá ni fún ilé-ẹ̀kọ́ bíi tiwa. Dókítà ní kì í ṣe àbùkù, àìsàn ni. Ó ní àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti fi kúrúnà sára àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí aráyé pa tì láti 2017, àti pé lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń wà lára èèyàn tó tó mílíọ̀nù 200 láyé. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan ṣoṣo tó torí rẹ̀ wá bá wa: gbogbo ilé, lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹni tó ń yún àti ẹni tí kò yún. Kò gbọdọ̀ ku ẹnì kan.

A sọ̀rọ̀ owó. Ìpara permethrin, tí wọ́n ń pa tó sì ń wà lára fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá, ló rọrùn jù lára, àmọ́ ó wọ́n fún ọgọ́rùn-ún ọmọ. Ivermectin wà, hóró tí àwọn ará oko mọ̀ dáadáa, torí òun ni wọ́n ń pín fún àrùn ojú tí eṣinṣin etí odò ń gbé kiri, tí wọ́n ń fi ọ̀pá wọn gíga èèyàn kí wọ́n tó mọ iye tó máa lò. Ní Fiji, níbi tí wọ́n ti fún gbogbo èèyàn nínú àwọn abúlé kan ní ivermectin, kúrúnà tó wà lára nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún wọn já sí ìdá 2 láàárín ọdún kan. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún ojú kì í ṣe tiwa. Dókítà ní ká fi benzyl benzoate ṣe ti gbogbo ilé, kí hóró ivermectin wà fún àwọn tó ti burú lára wọn. Owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, PTA, la fi rà á.

Ó wá ku àwọn sẹ́níọ̀. Háòsìmásítà ní òun á fi pàṣán tò wọ́n. Mo ní rárá o, ẹni tó bá fi pàṣán pa oògùn kò ní pa á débi tó yẹ. Mo ránṣẹ́ pe káputéènì ilé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọ gíga, onísùúrù, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi. Mo sọ ohun tí dókítà wí fún un.

"Màmá, ẹ má bínú. Sẹ́níọ̀ ò lè tò sẹ́yìn JSS1 torí kúrúnà. Wọ́n á fi kọrin ni."

"Ta ló ní kí ẹ tò?"

Ó dákẹ́.

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, kò yún ọ?"

Ó bojú wo ilẹ̀kùn. "Ó ń yún mi díẹ̀, Mà."

"Látìgbà wo?"

"Ká tó lọ họlidé, Mà."

Mo ní kó mú ọwọ́ wá. Kò mú un wá tààrà. Ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn tí mo wò ó tán, mo ní: "Ẹ̀yin SS3 lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, nínú yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mi ò ní wọlé. Mo máa ní kí ọkùnrin kan láti ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ béèrè nǹkan. Kí ẹ bá ara yín pa ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ̀yin lẹ máa bójú tó àwọn júníọ̀." Ojú rẹ̀ yí padà. Kí sẹ́níọ̀ máa pàṣẹ fún júníọ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ la mú. Wọ́n wẹ̀, wọ́n nura gbẹ, wọ́n gé èékánná. A fi omi bu oògùn àwọn kékeré sí ìlàjì. Tàwọn ńlá wà bó ṣe wà, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, àárín ìka, abẹ́ èékánná, ìdodo, ìdí, ojú ara. Oògùn yẹn máa ń ta lára tó bá bó. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ bí àwọn sẹ́níọ̀ ṣe ń fò sókè tí wọ́n ń kígbe, mo sì rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run á dárí jì mí. Nígbà tí wọ́n jáde sáàárín àwọn júníọ̀ tí òórùn oògùn ti gbà wọ́n lára, kò sẹ́ni tó kọrin. Káputéènì ń fi ìwé orúkọ pè wọ́n: "Àárín ìka! Padà lọ pa á." Háòsìmásítà pa tirẹ̀, ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ pa, ọlọ́dẹ pa. Wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹnikẹ́ni ò wẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ jẹun á tún oògùn fi sọ́wọ́.

Ní Sátidé, àwọn alásè bá wa gbé ìkòkò ńlá jáde, a se bẹ́ẹ̀díṣíìtì, táwẹ́ẹ̀lì àtàwọ̀tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ò lè fọ̀, a dì í sínú ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a tún pa oògùn nítorí ẹyin tó bá ṣẹ́ kù.

Ibi tó nira jù ni ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e. Ó ṣì ń yún wọn! Kòkòrò ti kú, àmọ́ òkú rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú awọ, ara ò sì tíì gbàgbé. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó lọ. Àwọn ọmọ ní oògùn ayédèrú ni. Mo bá ọmọ kan tó ń pa á lójoojúmọ́ títí awọ rẹ̀ fi ń ṣí. Mo kó gbogbo ìgò tó ṣẹ́ kù, mo tì wọ́n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, mo fún wọn ní ìpara ara yíyún lásán. Èlà tuntun ni mò ń wá kiri, mi ò wá ẹni tó ń họra. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé tí mi ò rí ìkankan, mo sọ fún pírínsípà pé ó ti tán nínú ilé yẹn.

Ní báyìí, lọ́jọ́ ìwọlé, tí wọ́n bá ti yẹ garawa, àdá àti ìgbálẹ̀ ọmọ wò, ó máa kọjá lọ́dọ̀ mi kó tó gbé àpótí wọ yàrá. A mú méjì báyìí ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ìyá ọ̀kan bínú sí mi pé ọmọ òun kì í ṣe ọmọ ìdọ̀tí. Mo ní mo mọ̀, mo sì fún un ní oògùn fún òun, bàbá rẹ̀ àtàwọn àbúrò mẹ́ta tó wà nílé. Ó gbà á. Ilé tó kángun sí tiwa ni kò tíì gbà ká yẹ àwọn ọmọ tirẹ̀ wò. Háòsìmásítà ibẹ̀ ní kò sí kúrúnà lọ́dọ̀ òun, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ̀wé sí pírínsípà. Wọ́n ní àwọn á jókòó lé e lórí lẹ́yìn ìdánwò WAEC.